Ìdákẹ́ Méjì Nínú Orin Felele

Wọ́n jí orin Deborah lójú èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ní kílọ́ọ̀bù tó wà létí odò, èmi náà sì wà níbẹ̀ tí mò ń pàtẹ́wọ́ fún olè.

Mi ò mọ̀ pé olè ni. Orin náà ló dùn.

Ọ̀sẹ̀ orin rọ́ọ̀kì ni ọ̀sẹ̀ náà ní Lọ́kọ́jà. Salome, obìnrin kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ọkùnrin, ló kó àwọn olórin jọ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú, ó sì pín wọn sí kílọ́ọ̀bù mẹ́ta. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti ń ká wáyà. Èmi Kàrímọ́tù, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Mo gbé àga mi tó ń ṣeé ká dání, mo fi gèlè di ìdí, mo jókòó síwájú.

Wákà ni mo fi dàgbà. Nílé bàbá mi tó ti Ìlọrin wá, ohùn nìkan ni a fi ń kọrin, a ò wá nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gìtá àwọn ọmọ yìí, háà, ó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn, síbẹ̀ kò ní wù ọ́ kó dákẹ́. Mo fẹ́ mọ ibi tí igbe yẹn ń gbà jáde. Lọ́jọ́ Ajé gan-an ni mo ti lọ bá Pius, ọmọ Ìyàgbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba láàárọ̀, tó ń darí ohùn fún gbogbo ṣó ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní àpótí kan tó kún fún bọ́tìnì. Ó fi wáyà gìtá hàn mí, ó fi wáyà máìkì hàn mí, ó ní inú àpótí yìí ni gbogbo wọn ń wọ̀, ibẹ̀ náà ni òun ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo bi í bóyá àpótí náà ń gbọ́ mi báyìí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí kò bá gba inú wáyà wọlé, àpótí ò gbọ́ ọ. Mo fẹ́ràn ọmọ náà.

Deborah ní tirẹ̀, ayálégbé mi ni ní àdúgbò Natako. Òun nìkan ni bándì ara rẹ̀: gìtá lọ́wọ́, ìlù kékeré kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tó ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ orin kan tó pè ní Felele, orúkọ àdúgbò kan létí títì Àbújá, kò sì tíì gbé e jáde kúrò nínú àgbàlá mi rí. Ọjọ́rú yẹn ló fẹ́ kọ́kọ́ kọ ọ́ fún aráyé.

Àwọn Abdulrahman ló ṣáájú rẹ̀ gun orí pẹpẹ. Ọmọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n, ọmọ yunifásítì, Abdulrahman ni olórí wọn. Nígbà tó di orin wọn kẹta, mo gbọ́ ọ:

*Ọkọ̀ Àbújá ń kọjá ní Felele,*
*gbogbo wọn ń juwọ́ sí mi,*
*n kò mọ ẹnì kan.*

Mo rò pé Deborah ló yá wọn. Láàárín orin, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀ẹ́, o lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí wọ́n tó tún rọ́ wọlé. Àwọn èrò fò sókè. Nígbà tí orin ń lọ sópin, wọ́n tún dákẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ta mí. Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí Deborah tó gbá gìtá mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó délé tó bá àlejò nínú aṣọ rẹ̀.

Ó kọ orin náà ṣá. Kò ní òmíràn tó fẹ́ fi parí. Ó kọ ọ́ já geere láìdákẹ́ níbì kankan, ẹnì kan láti ẹ̀yìn sì kígbe lédè Píjìn pé ó ti kọ́pì wọn.

Àwọn ọ̀rẹ́ Abdulrahman fa Deborah lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kejì. Èmi náà tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ṣí ìwé, ó béèrè ohun tí wọ́n jí. Wọ́n ní orin. Ó béèrè ibi tí orin náà wà báyìí. Deborah ní ó wà lórí òun, Abdulrahman ní ó wà lórí òun náà. Ọkùnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní kí wọ́n lọ bá ẹni tó gbé ṣó kalẹ̀.

Bó ṣe di ọ̀rọ̀ Salome nìyẹn. Ó fún wa di aago mẹ́rin ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí Deborah ò bá rí ẹ̀rí mú wá, òun yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ṣó ọjọ́ Àìkú tí wọ́n fi ń kádìí ọ̀sẹ̀, òun yóò sì sọ ìdí rẹ̀ sórí máìkì. Mo mọ ohun tí ìyẹn já sí. Bí wọ́n bá ti pe ọmọ náà lólè orin lójú ìlú, kò tún sí orin tí yóò kọ tí wọn ò ní béèrè pé ti ta ni.

Mo bẹ Salome. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó jókòó tì mí, ó gba ọwọ́ mi mú.

“Màmá, ẹni tó bá kọ orin ló ń mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́. Ti Deborah ò ní ìdákẹ́ kankan. Ó dà bíi pé ó gbọ́ ọ níbì kan ni, kò wá rántí gbogbo rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo fi sórin:

*Ẹ jẹ́ n wádìí, ẹ jẹ́ n bi í,*
*ẹni tó bá fara pamọ́,*
*ohùn rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n sá.*

Àwọn ará Natako máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni mí, látìgbà tí mo ti bá Bàsítì aládùúgbò wa rí ewúrẹ́ rẹ̀ nínú mọ́tò ẹni tó ń bá a wá a kiri. Wọn ò purọ́. Bí nǹkan ò bá yé mi, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ọ̀dọ̀ Abdulrahman ni mo kọ́kọ́ lọ, nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí ní Felele níbi tí wọ́n ti ń dán orin wò. Ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ kí mi, ó fi aṣọ nu búlọ́ọ̀kù kan kí n lè jókòó. Ó ní ti ẹgbẹ́ àwọn ni orin náà, ojú rẹ̀ ò sì yẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Mo yin gìtá rẹ̀. Mo yin ìdákẹ́ méjèèjì tó mú ènìyàn fò sókè. Inú rẹ̀ dùn.

“Ta ló fi ìdákẹ́ yẹn sí i, ọmọ mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá, Màmá.”

“Ó wá láti ibo?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìṣó gìtá, èyí tó ti yí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dúró tì í, ó ní ẹnì kan ló fún àwọn, ẹni náà sì gba àdéhùn lẹ́nu òun pé ọjọ́ Àìkú ni òun máa pe orúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ. Òun ò ní yẹ àdéhùn. Kò sí bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ tó, ó kọ̀.

Ó dáa. Olè wà, kì í sì í ṣe Abdulrahman. Mo jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo ń ka àwọn tó ti gbọ́ Felele ṣáájú Ọjọ́rú lórí ìka. Èmi rèé. Pius rèé, tó wá sí àgbàlá mi ní Jímọ̀ tó kọjá kó lè wá òṣùwọ̀n ohùn Deborah kó tó di ọjọ́ ṣó. Ẹ̀kẹta ni Fàrúkù, télọ̀ tó gbé máṣíìnì rẹ̀ ti ògiri wa lódìkejì. Mo ká ìka Pius padà lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ìlú Deborah ni, òun ló sì ń gbé omi fún un látìgbà tí ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀, tó ń ní kó má sunkún. Ìka Fàrúkù ló dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Abdulrahman ni Fàrúkù.

Láàárọ̀ Jímọ̀ mo gbé bùbá kan tí kò ní àbùkù lọ bá a, mo ní kó bá mi rán an kó fún mọ́ra. Fàrúkù wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní Màmá, bí mo bá fún èyí, ẹ̀mí yín ló máa bọ́. Mo ní kó fún un bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń tẹ máṣíìnì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn Felele lábẹ́ ètè. Kò pẹ́ tó fi gbà á lẹ́nu mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá a lọ. Ó mọ̀ ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìdákẹ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ó fún ohùn rẹ̀ bíi ti ọmọbìnrin, ó kí mi bí àwọn Ìyàgbà ṣe ń kí ènìyàn: “Okun o, Màmá.” Ó tún tẹ̀ síwájú. Nígbà tó dé ibi ìdákẹ́ kejì, ó tún dúró: “Ẹ káàbọ̀ o, Màmá.” Ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo bi í ohun tó ń ṣe. Ó ní bí Deborah ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá wá, ọjọ́ yẹn ni òun ti mọ orin náà sórí. Ó ní ọmọ yẹn ò lè kọrin kan já kó má kí mi, àfi bíi pé èmi ni ọba ìlú.

Mo gba bùbá mi tó ti há, mo sì lọ. Ọkàn mi ti dá a lẹ́bi. Ó mọ orin, ó mọ ibi méjèèjì tó ti ń dúró, ìbátan rẹ̀ ló sì ń kọ ọ́ kiri. Kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń yún mi nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò mọ ibi tí mo lè họ.

Nígbà tó di àsìkò ìrun alásárì, mo bu omi sínú bútà, mo jáde láti lọ ṣe àlùwàlá níbi páìpù ẹ̀yìnkùlé. Deborah jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń ta gìtá náà jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tu ọmọ tó ń ṣàìsàn nínú. Bí mo ṣe dé iwájú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn gìtá, ó kúnlẹ̀.

“Okun o, Màmá.”

Mo dúró. Bútà ń da omi sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò mọ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá. Lójoojúmọ́ ló ń kúnlẹ̀ nígbà tí mo bá ń lọ, tó tún ń kúnlẹ̀ nígbà tí mo bá ń bọ̀, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í rí àgbà tó ń lọ tó ń bọ̀ kó máa ta gìtá lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá mo kọjá níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí Pius wá. Ó ní òun ò rántí, ta ló ń ka iye ìgbà tí òun kí ìyá òun? Mo bi í ibi tí Pius jókòó sí. Ó ní Pius ò sí níbẹ̀ lásìkò yẹn. Ó to wáyà tán, ó ní kí òun máa kọrin kí àpótí máa gbà á sílẹ̀, ó sì jáde lọ ra téèpù tí wọ́n fi ń lẹ wáyà.

Mo ṣe àlùwàlá mi, mo kírun. Nígbà tí mo sálámà tán, mo jókòó sórí ẹní, mo ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ní aago mẹ́ta, mo pe gbogbo wọn sí àgbàlá. Salome wá pẹ̀lú ìwé tó kọ orúkọ àwọn olórin ọjọ́ Àìkú sí. Abdulrahman gbé gìtá wá. Pius náà wá, mo ní kó jókòó sórí àga tó dára jù. Mo sọ fún Deborah kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, kó dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo gbé bútà, mo ní kí Abdulrahman kọ Felele bó ṣe ń kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kó má yára, kó má fà á.

Ó kọ ọ́. Bó ṣe dé ìdákẹ́ àkọ́kọ́, iwájú yàrá Deborah ni mo wà. Mo gbéra níbẹ̀. Mo fi orúnkún mi tó ń dùn mí wọ́ lọ síbi páìpù. Mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo yọ ẹnu, mo fín imú, mo bọ́jú, mo fọ apá, mo pa orí àti etí, mo fọ ẹsẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń ṣe é, ìwọ̀n kan náà ni, kì í dín, kì í lé. Mo wọ́ padà. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe dé iwájú yàrá Deborah ni gìtá Abdulrahman dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Deborah kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti ṣe é.

Salome fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ bo ẹnu.

“Ìdákẹ́ tí gbogbo yín ń fò sókè fún,” mo ní, “èmi ni. Èmi àti orúnkún mi. Àgbàlá yìí ni wọ́n ti gbé orin náà, ní Jímọ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ orin yìí.”

Abdulrahman gbé gìtá sílẹ̀ bíi pé ó gbóná. Pius ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ní òótọ́ lè wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ní etí, Fàrúkù sì wà lẹ́yìn ògiri.

Ohun tí mo ń dúró dè gan-an nìyẹn. Mo na ohùn sókè sí Fàrúkù pé kó bá wa kọ Felele láti ibi tó wà. Télọ̀ ò kọ ẹ̀bẹ̀ orin. Ó bẹ̀rẹ̀, máṣíìnì ń bá a gbè é, ó sì dé ibẹ̀: “Okun o, Màmá.” Salome ò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín.

Mo dúró de kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀. Mo wá bi Deborah ìdí tí àwọn Abdulrahman fi dákẹ́ lásán níbi tí Fàrúkù ti ń gbọ́ ìkíni.

“Mo wá rántí pé mo pa máìkì kí n tó kí yín, Màmá. Ta ló ń fi sípíkà kí àgbà?”

“Ẹ gbọ́ ọ,” mo ní. “Ẹni tó fi etí gbọ́ orin yìí, gbọ́ ìkíni. Ẹni tó rí i, rí ọmọ tó kúnlẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ìdákẹ́ lásán, inú wáyà ló ti gbọ́ ọ.” Mo yíjú sí àga tó dára jù. “Pius, ìwọ lo kọ́ mi.”

Kò jiyàn. Ó ń wo àwọn ọwọ́ ara rẹ̀. Abdulrahman yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì mọ̀ pé Pius ló fún wọn ní orin náà.

“Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni,” Pius ní. “Mo tiẹ̀ ń jowú ẹ̀. Orin mẹ́tàdínlógún ló wà nínú fóònù mi, Màmá, kò sí bándì kan tó gba ẹyọ kan nínú wọn. Ohùn gbogbo ènìyàn ni mò ń gbé sókè. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n sọ lórí pẹpẹ, lẹ́ẹ̀kan péré, pé Pius ló kọ ọ́.”

Salome ti dìde, ó ní kó máa kó wáyà rẹ̀ lọ, kó má fẹsẹ̀ kan kílọ́ọ̀bù mọ́ láéláé. Lóòótọ́, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n Deborah ń rò ó. Ó yé mi ohun tó ń rò: kò sí ẹlòmíràn ní ìlú yìí tó lè mú àpótí yẹn sọ òótọ́ ohùn rẹ̀, ọjọ́ Àìkú ò sì ju ọ̀la lọ.

“Ẹ jẹ́ kó jókòó sídìí àpótí rẹ̀,” ó ní. “Òun ni kó kọ́kọ́ gba máìkì ṣáájú mi.”

Mo sọ fún un lẹ́yìn tí wọ́n lọ pé ọwọ́ olè ló fẹ́ fi ohùn rẹ̀ sí. Bí ẹni yẹn bá fẹ́ ṣìkà, ó kàn ní láti fa bọ́tìnì kan sílẹ̀ ni. Ó ní òun mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú mi ò jókòó síwájú. Mo gbé àga mi lọ sẹ́yìn Pius, níbi tí ọwọ́ mi ti lè dé ọrùn rẹ̀ bí ó bá di dandan. Kílọ́ọ̀bù etí odò kún dé ẹnu géètì. Nígbà tó kan Deborah, Pius dìde, ó gun orí pẹpẹ, ó mú máìkì tí òun fúnra rẹ̀ tò.

“Pius lorúkọ mi. Deborah ló kọ Felele. Èmi ni mo jí i fún àwọn Abdulrahman.”

Kò sẹ́ni tó hó. Ì bá sàn fún un kí wọ́n hó. Ó rìn padà láàárín gbogbo ènìyàn, ó jókòó níwájú mi, mo rí òógùn ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Deborah tẹ ìlù. Gìtá ké. Ó la ẹnu, ohùn rẹ̀ sì kéré, àwọn tó jókòó níwájú nìkan ló lè gbọ́ ọ. Mo sún mọ́ Pius. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì kan. Deborah wò ó láti orí pẹpẹ, kò dúró, ó ń kọrin rẹ̀ lọ.

Pius wá ti bọ́tìnì náà sókè. Díẹ̀, ó dúró, ó gbọ́, díẹ̀ sí i. Kò gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni. Ó ń tì í lọ bẹ́ẹ̀ títí ohùn ọmọ náà fi kún gbogbo ilé, tó gba ojú fèrèsé jáde lọ sórí omi, tí àwọn tó wà níta ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kọ ọ́.